Àlùfáà Inú Bárékè Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Mọ́ṣáláṣí

Ìrun Jímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní mọ́ṣáláṣí kan ní Àpáta, nílùú Ìbàdàn. Àwọn èèyàn ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́kadà ń pe èrò, ọkọ̀ tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ ń fọn fèrè kíkankíkan lójú títì Abẹ́òkúta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, ọkùnrin kan tó wọ kakí ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Àgbélébùú kékeré kan wà létí kọ́là rẹ̀.

Ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè. "Ṣọ́jà ní mọ́ṣáláṣí! Ṣé kò sí wàhálà o?"

Ọmọkùnrin tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Pásítọ̀ wọn ni. Ó ti mọ Alfa tipẹ́."

Nínú ilé, Lèmọ́mù ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. "Ẹ kú ìrun o, Alfa," ni àlejò wí bó ṣe ń jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Pásítọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun l'Ókè Ọya ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Alfa. Àdúrà yín ń gbà."

Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àdúrà tí wọ́n fẹ́ gbà fún àwọn ológun tó ti kú. Lẹ́yìn náà ni Alfa rẹ ohùn sílẹ̀. Ọ̀dọ́ ṣọ́jà kan ló gun ọ̀kadà láti Omi-Àdìó dé Àpáta, tí kò sanwó. Nígbà tí ọlọ́kadà bèèrè owó rẹ̀, ìgbátí ló fi san án. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà náà ti ń sọ pé tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn yóò di ojú títì pa. "Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí n bá yín sọ ọ́ ná," ni Alfa wí.

Àlùfáà náà bèèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Kò bèèrè orúkọ àwọn tó fẹ́ di ojú títì. "Ọ̀gá ọmọ náà yóò gbọ́ ọ lónìí, Alfa. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná."

Irú ìbẹ̀wò báyìí jẹ́ apá kan iṣẹ́ àlùfáà ológun tí ará ìlú kì í sábà rí. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ogun, kò sí oníròyìn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ìjọba ń náwó lé lórí kí àlàáfíà lè wà láàárín ṣọ́jà àti ará ìlú, mo gbà pé díẹ̀ ló tó o. Ìgbà tí ìjà kò tíì sí rárá ló sì wúlò jù lọ. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ di iṣẹ́ olófòófó ló bàjẹ́.

Àpáta kò ṣàjèjì sí ṣọ́jà

Oṣù Kìíní ọdún ni ìbẹ̀wò báyìí máa ń pọ̀ jù. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun rẹ̀ tó bá ogun lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá la máa ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìrántí náà síbẹ̀.

Àdúrà máa ń wáyé ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣíwájú, ìsìn sì máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá di ọjọ́ náà gan-an, gómìnà, ọ̀gá ológun àti àwọn opó yóò pé jọ sí Àgodi. Wọn yóò gbé òdòdó sílẹ̀, wọn yóò yìnbọn ìbọ̀wọ̀, wọn yóò tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Lèmọ́mù á gbàdúrà, àlùfáà Kírísítẹ́nì á gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àpáta gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ológun, Command Secondary School, wà ládùúgbò náà. Ibùdó epo NNPC wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ agbépo ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn jáde níbẹ̀. Letmauk Barracks wà ní Mọ́kọ́lá, olú ilé iṣẹ́ Division Kejì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì wà ní Odògbo lọ́nà Òjòó, nínú ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Fájuyì sọ. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, opó ṣọ́jà, ọmọ ṣọ́jà, gbogbo wọn ló ń bá ará Àpáta yá ilé, tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà.

"Èmi ò bẹ̀rù ṣọ́jà," ni obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà wí fún mi. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí ṣọ́jà àti àwọn ọmọ àdúgbò bá jọ bínú, tí kò sí àgbà kankan tí ìhà méjèèjì lè gbọ́ tirẹ̀."

Ọ̀gá méjì ló ń sìn

Ẹ̀ka mẹ́ta ló ń bójú tó ẹ̀sìn nínú ológun orí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀kan wà fún àwọn Kírísítẹ́nì Pùròtẹ́sítáǹtì, ọ̀kan fún àwọn Kátólíìkì, ìkẹta fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àlùfáà tàbí lèmọ́mù tó bá wọ ibẹ̀ di ọ̀gá ológun tó ní ipò. Fàdá Pedro Martins, ọmọ Àgùdà Èkó, dé ipò kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Iṣẹ́ wọn nínú bárékè pọ̀. Àwọn ló ń sin òkú ṣọ́jà, tí wọ́n ń so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ti ojú ogun dé tí kò lè sùn lóru mọ́. Bí ìròyìn ikú bá dé, àwọn ni wọ́n sábà máa ń rán sí ìyàwó ilé.

Iṣẹ́ kejì ni pé kí wọ́n la ọ̀gá ológun lójú nípa ẹ̀sìn àwọn tó yí bárékè ká. Ta ni àwọn ará àdúgbò ń gbọ́ tirẹ̀? Oṣù Rámádánì ti wọlé, aago mélòó ni wọ́n ń ṣínu, kí ṣọ́jà má baà dí wọn lọ́nà lásìkò yẹn? Ọjọ́ wo ni orò yóò jáde? Ibo ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ̀? Ọ̀gá ológun tó bá mọ ìwọ̀nyí yóò yẹra fún ọ̀pọ̀ wàhálà tí kò ní láárí.

Òfin àgbáyé pàápàá mọ̀ pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 pa á láṣẹ pé kí ìhà méjèèjì tó ń jà bọ̀wọ̀ fún àlùfáà ológun, kí wọ́n sì dáàbò bò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún dókítà àti nọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ̀ ẹ́, wọn kò gbọdọ̀ kà á sí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọ́n lè dá a dúró kìkì nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó nílò ìsìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá dá sí ìjà, ààbò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá méjì ló ń sìn," ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kan ní yunifásítì wí. "Ó ń gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá ológun, ó sì ń jíhìn fún Ọlọ́run. Ará ìlú máa ń wo èyí tó ń tẹ̀ sí. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣì wà láàyè, wọn yóò bá a sọ òtítọ́."

Ẹlẹ́sìn ti ń wọ ibùdó ogun tipẹ́

Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí èyí. Nígbà tí àwọn baba wa ń jagun, kò sí balógun tó ń jáde láìmú babaláwo tàbí alfa dání. Babaláwo á dífá, alfa á yan àdúrà, á sì ṣe tírà. Ti ogun nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó máa lè wọ ibùdó ìhà méjèèjì, kí ó sì jáde láàyè, ló ṣọ̀wọ́n.

Láti ọdún 1877 títí di 1893 ni ogun Kírìjì fi jà. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbàjọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì ń wo ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà ti dí, oko ti di igbó. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, ogun kò parí. Gbogbo ìhà ló ń fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ tú àgọ́, nítorí kò sẹ́ni tó gba ẹnìkejì gbọ́.

Àwọn tí ìhà méjèèjì padà gbà gbọ́ jẹ́ oníwàásù méjì. Samuel Johnson, tí a mọ̀ lónìí nítorí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, gbé Ìbàdàn láti kékeré, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti rán an lọ sí Èkó ní 1881 láti bẹ gómìnà pé kó wá là wọ́n. Charles Phillips ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Oǹdó, àwọn Èkìtì sì mọ̀ ọ́n. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán àwọn méjèèjì, ọ̀kan sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ìkejì sí Èkìtìparapọ̀. Wọ́n kó àwọn ìkọ̀ wá sí Èkó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àlàáfíà ní ibùdó. Ó gba ọdún méje sí i kí gbogbo àgọ́ tó tú, ṣùgbọ́n ìbọn ti dákẹ́ ní Kírìjì.

Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rán wọn ni àwọn olórí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n. Johnson ti kọ́ ọmọ àwọn ará Ìbàdàn níwèé, Phillips ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́jọ ní Oǹdó. Ìmọ̀ra ti wà kí iṣẹ́ ńlá tó dé.

Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, ìjọ CMS ní ìránṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ní ní Ìjàyè, ó sì ní ní Abẹ́òkúta. Kíá ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyinbó ìlú kọ̀ọ̀kan mọ́ ogun ìlú náà. Ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tì mọ́ David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna ní Ìbàdàn, débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí Ìjàyè fọ́, àwọn jagunjagun Ìbàdàn mú Edward Roper, ìránṣẹ́ ìjọ kan náà, lẹ́rú ogun. Ẹlẹ́sìn tí wọ́n bá ti kà mọ́ ìhà kan kò lè la ìjà mọ́, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó.

Láti Letmauk dé Freetown

Orúkọ Letmauk tó wà lára bárékè Mọ́kọ́lá wá láti Burma, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jagun ní 1945 fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀kan lára àwọn tó lọ sí Burma ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn Japan kọlu ẹgbẹ́ wọn ní àfonífojì Kaládàn. Ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú David Kagbo, ọmọ Sẹ̀rà Líónì. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló gbé wọn pamọ́ sínú ilé rẹ̀, tó sì bọ́ wọn fún oṣù púpọ̀, títí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní ìparí ọdún náà. Bí àwọn Japan bá ká wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo ilé rẹ̀ ni ì bá run. Isaac jẹ́ Kírísítẹ́nì. Ẹ̀sìn ẹni tó gbà á là kò dà bí tirẹ̀, àánú ẹ̀sìn náà ló sì gbé e padà sílé.

Àwọn tó lọ sí Làìbéríà àti Sẹ̀rà Líónì pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ECOMOG láti 1990 náà rí nǹkan. Ní Làìbéríà, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ àti ti àwọn Mùsùlùmí ló para pọ̀ kọ ìlànà àlàáfíà tí ECOWAS padà tẹ̀ lé. Ní Sẹ̀rà Líónì, àwọn lèmọ́mù àti bíṣọ́ọ̀bù dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1997. Ní 1999, wọ́n wọ igbó lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF, wọ́n sì gba àwọn ọmọdé kan tí wọ́n kó nígbèkùn padà. Oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Lomé. Àdéhùn náà kò dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà padà sílé.

Bàbá kan tó jẹ́ sájẹ́ǹtì nígbà náà, tó ń sin adìyẹ ní Àpáta báyìí, ṣàlàyé bó ṣe rí fún mi. "Nígbà tí a bá kọ́kọ́ wọ ìlú kan, gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ń tì. Bí àlùfáà wa bá lọ kí fàdá wọn, tí lèmọ́mù wa lọ kí alfa wọn, ọjọ́ kejì ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Ìbọn wa ló jẹ́ ká wọ̀lú. Àwọn yẹn ló jẹ́ ká lè gbé ibẹ̀."

Ohun tí Ṣáṣá fi hàn wá

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya tàbí ilẹ̀ òkèèrè nìkan lèyí, kó rántí ọjà Ṣáṣá nílùú Ìbàdàn níbí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, aáwọ̀ kékeré bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà náà láàárín Yorùbá kan àti alábàárù Hausa. Ẹnìkan kú. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń sun ilé, wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń sá kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n sì ti ọjà pa. Àwọn gómìnà láti Òkè Ọya wá bá Gómìnà Ṣèyí Mákindé kẹ́dùn, wọ́n sì jọ wá àlàáfíà.

Ọjà Ṣáṣá kò jìnnà sí Odògbo, níbi tí olú ilé iṣẹ́ ológun wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá ara wọn jà níbẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kọjú sí Kíbílà kan náà. Ìjà ẹ̀yà ni, ẹ̀sìn sì ni ohun kan tó kù tí ìhà méjèèjì jọ ní. Alfa tí Yorùbá àti Hausa jọ ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹnu tí olórí ẹ̀yà kankan kò ní lọ́jọ́ yẹn. Bí ìbínú bá ti gbóná tán kí á tó máa wá ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ọdún kan náà, ní oṣù Kẹfà, ni wọ́n kọlu Ìgàngàn ní Ìbàràpá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lásìkò ìsìn Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì èèyàn. Ọ̀rọ̀ ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ìdílé Yorùbá tí bàbá jẹ́ Alhaji, tí ìyá jẹ́ ìyá ìjọ, tí ẹ̀gbọ́n ń bọ Ògún, wọ́n ṣì ń jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésì. Ìṣúra wa nìyẹn, kò sì yẹ ká fi í sílẹ̀ láìṣọ́.

Ọjọ́ tí àlùfáà bá di olófòófó

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Ọ̀gá ológun máa ń fẹ́ ìròyìn. Àlùfáà rẹ̀ ń wọlé ibi tí ẹlòmíràn kò lè wọ̀. Kí ló dé tí kò ní bi í pé, "Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n sọ? Ta ló ń bínú?"

Ọ̀gágun tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ń ṣiṣẹ́ òun ni. Ṣùgbọ́n àlùfáà tó bá dá a lóhùn ti pa iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa mú ọmọ àdúgbò kan lẹ́yìn tí pásítọ̀ ṣọ́jà ti kí Alfa tán, kí gbogbo ilẹ̀kùn tó tì. Wọn yóò sì tì mọ́ àlùfáà tí yóò wá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Alfa tó gbà á lálejò ló máa fara gbá jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, wọ́n yìnbọn pa Sheikh Muhammad Auwal Albani ní Zaria, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó ti ń wàásù tako Boko Haram, olórí wọn Shekau sì jẹ́wọ́ pé àwọn ló ṣe é. Alfa tó bá la ẹnu rẹ̀ sọ òtítọ́ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tún rí i bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ṣọ́jà, ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ wà nípò rẹ̀?

Nítorí èyí ni ìlànà ológun Amẹ́ríkà fi ka iṣẹ́ amí léèwọ̀ fún àlùfáà. Ó lè gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn lórí ẹ̀sìn ìlú, ó lè jókòó pẹ̀lú àwọn olórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kó ìròyìn ọ̀tá jọ. Àwọn ológun Kánádà náà ti ronú jinlẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 2013, àlùfáà ológun wọn kan, S. K. Moore, tẹ ìwé jáde nípa bí àlùfáà ológun ṣe ń pàdé àwọn olórí ẹ̀sìn ní Bosnia, Kosovo àti Afghanistan. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ìfọkàntán ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó jọ lọ́sẹ̀ kan.

Pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ní Àpáta sọ tirẹ̀ láìfi bò. "Bí wọ́n bá wá bẹ̀ mí wò, mo máa dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá wá bi mí pé ta ni ọmọ ìjọ mi tó ń sọ̀rọ̀ sí ìjọba, mo máa ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàdúrà ìparí."

Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ńkọ́?

Nínú ẹ̀ka mẹ́ta tí mo kà sókè, kò sí ọ̀kan fún àwọn oníṣẹ̀ṣe. Ọmọ Yorùbá tó ń bọ Ifá tàbí Ògún lè wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó lè kú fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́sìn tirẹ̀ nínú bárékè tí yóò wúre fún un. Ìgbà tí ìbẹ̀wò bá sì bẹ̀rẹ̀, ilé alfa àti ilé pásítọ̀ nìkan ni ọkọ̀ ológun mọ̀.

Babaláwo kan tó ń gbé lẹ́yìn ojú irin ní Àpáta gbà pé àìmọ̀kan ló fà á. "Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa pàápàá ti ń fúnni ní ìsinmi. Bí orò bá fẹ́ jáde, ta ni ṣọ́jà tó ń ṣọ́ òru máa bi? Kí wọ́n wá kí wa lọ́sàn-án kí ọ̀rọ̀ tó dòru."

Ó tọ̀nà. Ìlú tí orò ń jáde, tí egúngún ń jáde, tí ṣọ́jà tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò sì mọ ohun tí ó ń rí, ìjàǹbá ti súnmọ́ ibẹ̀. Àlùfáà ológun kò ní láti gba ohun tí babaláwo gbà. Ó kàn ní láti mọ ilé rẹ̀, kí babaláwo sì mọ ojú rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ìyá ìjọ, ìyá Súnà, ìyálọ́jà: àwọn ló kọ́kọ́ ń gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń rùn. Bí ìbẹ̀wò bá mọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó wọ láwàní tàbí tó so kọ́là nìkan, ìdajì ìlú la fi sílẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ohun tó ń sọ iṣẹ́ yìí di asán jù lọ ni ìṣípòpadà. Àwọn ológun ń gbé àwọn èèyàn wọn láti ibùdó kan sí òmíràn, àlùfáà pẹ̀lú. Ọdún méjì ló fi ń kọ́ orúkọ ọmọ Alfa, lọ́jọ́ kan ìwé á dé pé kó máa lọ sí Màídúgùrì. Ẹni tuntun á wá, kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó rọrùn láti tún un ṣe, kò sì gba owó púpọ̀. Kí ológun pa á láṣẹ pé àlùfáà tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú àlùfáà tó ń bọ̀ dé ilé kọ̀ọ̀kan: sọ́dọ̀ lèmọ́mù, sọ́dọ̀ pásítọ̀ àti fàdá, sọ́dọ̀ babaláwo, sọ́dọ̀ ìyá Súnà àti ìyálọ́jà. Kí ó sọ ọ́ lójú wọn pé, "Ẹni yìí ni yóò máa wá báyìí. Ohun tí ẹ bá bá a sọ kò ní di ẹjọ́ ẹnikẹ́ni." Kí wọ́n sì kọ gbólóhùn kejì yẹn sínú ìwé òfin iṣẹ́ wọn, kí ọ̀gá ológun kankan má lè fi agbára bi àlùfáà rẹ̀ ní ohun tó gbọ́ lórí ẹní àdúrà.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Kí lèmọ́mù ṣí ilẹ̀kùn, kí pásítọ̀ dá ìkíni padà, kí àwọn olórí àdúgbò Àpáta má dúró di ìgbà tí iná bá sọ kí wọ́n tó béèrè pé ta ni àlùfáà bárékè. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn bí nọ́ńbà dókítà ṣe wà lọ́wọ́ wọn.

Johnson àti Phillips kò ní ìbọn, wọn kò sì lówó. Ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn èèyàn fi mọ ojú wọn ni wọ́n gbé wọ ibùdó Kírìjì. Ìjọba lè ra ìbọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò lè ra ọdún wọ̀nyẹn. Kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti òní, ní Àpáta àti níbi gbogbo tí bárékè bá ti wà.